Ìbéèrè àti ìdáhùn: rámù ti wà nílẹ̀, prósẹ́sọ̀ wo ló máa bá a mu?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọdún kejì ni mo wà ní yunifásítì, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́. Mo fẹ́ to kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí màá fi máa kọ kóòdù, tí màá sì fi máa lo Android Studio. N kò fẹ́ fi ṣe géèmù. Mo ti ra rámù DDR4 méjì, 8GB ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan wá ní òun ní prósẹ́sọ̀ Intel Core i5-12400F tí òun fẹ́ tà fún mi ní owó pọ́ọ́kú. Bọ́ọ̀dù wo, ìyẹn pátákó tí a máa to gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sí, ló máa bá a mu? Ṣé páwà 500W (àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) tó máa ń wà nínú kéèsì olówó pọ́ọ́kú sì tó o? Owó ọwọ́ mi kò pọ̀, sà.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì sanwó prósẹ́sọ̀ yẹn, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe pé ó burú o, prósẹ́sọ̀ gidi ni. Lẹ́tà F tó kẹ́yìn orúkọ rẹ̀ ni kí o wò dáadáa. Èyí tí Intel kò jẹ́ kí gíráfíìsì, apá tó ń gbé àwòrán sójú mọ́nítọ̀, ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi F sí. Bí o bá to gbogbo rẹ̀ tán, fáànù á máa yí, iná á tàn, ṣùgbọ́n ojú mọ́nítọ̀ á ṣókùnkùn biribiri, àfi tí o bá tún lọ ra káàdì gíráfíìsì. Ihò HDMI á wà lẹ́yìn bọ́ọ̀dù lóòótọ́, kò kàn ní sí àwòrán kankan tó máa gba ibẹ̀ jáde. Ìwọ tí kò fẹ́ ṣe géèmù, kí lo fẹ́ fi káàdì ṣe? i5-12400 tí kò ní F ni kí o béèrè. Gíráfíìsì UHD 730 wà nínú ìyẹn, ó sì tó iṣẹ́ tí o kà sílẹ̀ yìí.

Rámù tó ti wà lọ́wọ́ rẹ ni kí o jẹ́ kó darí ìyókù. Kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n: ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 13, ti láptọ́ọ̀pù kò tó 7. DDR4 ni wọ́n máa ń kọ sára méjèèjì, nítorí náà má gbọ́kàn lé ohun tí wọ́n kọ nìkan. DDR4 àti DDR5 (ìran rámù tó tẹ̀lé DDR4) ti orí tábìlì náà fi gígùn jọra, ẹsẹ̀ 288 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gé ní etí wọn yàtọ̀ síra. Èyí tí kò bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, má fi agbára tì í.

Níbi bọ́ọ̀dù ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kọsẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì (ibi tí prósẹ́sọ̀ ń wọ̀ lórí bọ́ọ̀dù) LGA1700 ni i5-12400 ń wọ̀, bọ́ọ̀dù H610 sì tó ọ. Àmọ́ bí ontajà bá ní "H610 ni", ọ̀rọ̀ kò tíì tán, torí pé H610 kan ń gba DDR4, òmíràn ń gba DDR5. Wo páálí rẹ̀, kí o rí D4 tàbí DDR4 nínú orúkọ rẹ̀, bíi ASUS PRIME H610M-E D4. Bí kò bá sí níbẹ̀, béèrè, kí o sì wo orí bọ́ọ̀dù gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò rámù.

Ọ̀nà kejì ni AMD Ryzen 5 5600G. Sọ́kẹ́ẹ̀tì AM4 ló ń wọ̀, DDR4 sì ni gbogbo bọ́ọ̀dù AM4 ń lò, nítorí náà rámù rẹ kò ní ṣòfò. Bí iye owó méjèèjì bá súnmọ́ra, 5600G ni màá mú, torí gíráfíìsì inú rẹ̀ lágbára ju ti Intel yẹn lọ. Fi rámù méjèèjì sí i o, nínú rámù ni gíráfíìsì náà ti ń jẹun. Ohun kan wà níbẹ̀: ọdún 2021 ni 5600G jáde, ọdún 2018 sì ni bọ́ọ̀dù B450 ti wà lórí àtẹ. Èyí tó ti pẹ́ nínú páálí lè má dá prósẹ́sọ̀ náà mọ̀. Ní kí wọ́n bá ọ sọ BIOS rẹ̀ (ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń tan kọ̀ǹpútà) di tuntun kí o tó sanwó. Fi AM5, sọ́kẹ́ẹ̀tì AMD tó tẹ̀lé AM4, sílẹ̀ ní tìrẹ, DDR5 nìkan ló ń gbà.

Tí bọ́ọ̀dù LGA1700 bá jẹ́ tòkunbọ̀, ní kí wọ́n ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí o rí i. Abẹ́rẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́ ló kún inú ẹ̀. Fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn án láti ẹ̀gbẹ́: bí wọ́n bá tò gbọnrangandan, iná á máa dán lára wọn bákan náà. Ibi tí dídán náà bá ti já, abẹ́rẹ́ kan ti tẹ̀ níbẹ̀; dá a padà fún wọn. Ti AM4, abẹ́ prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ ni kí o yẹ̀ wò. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ fún ọ ní fáànù prósẹ́sọ̀ ti LGA1200, sọ́kẹ́ẹ̀tì Intel tó ṣáájú, kò ní bá LGA1700 mu. Mìlímítà 75 ló wà láàárín ihò tí wọ́n ń dè é mọ́, 78 sì ni ti LGA1700.

Ó di ọ̀rọ̀ páwà, tí mo ka sí pàtàkì jù lọ nílùú wa. Bí i5-12400 bá ń sáré kíkankíkan, ó lè fa 117W. Bí kò bá sí káàdì gíráfíìsì, gbogbo kọ̀ǹpútà yẹn kì í sábà kọjá 200W. Páwà 450W tó jẹ́ ojúlówó tó tán. Ṣùgbọ́n 500W tí wọ́n kọ gàdàgbà sára ti inú kéèsì yẹn, má gbà á gbọ́. Wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, kí o wá ibi tí wọ́n kọ +12V sí, kí o fi 12 sọ iye A (áńpíà) tó wà níbẹ̀ di púpọ̀. Bí 14A ló wà níbẹ̀, 168W ni yóò dé ọ̀dọ̀ prósẹ́sọ̀ rẹ, ohun yòówù kí wọ́n kọ sókè. Pẹ̀lú bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, tó ń ga tó ń rẹlẹ̀, irú páwà bẹ́ẹ̀ lè bú, kó sì ba bọ́ọ̀dù jẹ́. Jọ̀ọ́, bí owó bá kù díẹ̀ káàtó, dín ẹwà kéèsì kù, má dín owó páwà kù. Àwọn kan ní bọ́tìnnì pupa kékeré lẹ́yìn tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Rí i pé 230 ló wà kí o tó fi í sínú iná.

Fún ibi ìpamọ́, SSD NVMe 500GB tó ń wọ ihò M.2 lórí bọ́ọ̀dù ni kí o rà. Má ra M.2 ti SATA tó jọ ọ́, torí kì í ṣe gbogbo ihò M.2 ló ń gbà á.

Bí àpapọ̀ owó bá ṣì pọ̀ jù, kọ̀ǹpútà OptiPlex (ti Dell) tàbí EliteDesk (ti HP) tòkunbọ̀ tó ní i5-8500 kì í ṣe ohun ìtìjú rárá. Má lọ sísàlẹ̀ ìran kẹjọ (8 tó ṣáájú nínú 8500 ló fi hàn), torí Windows 11 kò fọwọ́ sí i5-6500 àti irú rẹ̀, Microsoft sì ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Rámù rẹ á wọ inú àwọn tó tóbi níbẹ̀. Èyí tó kéré bí ìwé, tí Dell ń pè ní Micro, tí HP ń pè ní Mini, rámù láptọ́ọ̀pù ló ń lò.

Ọjọ́ tí o bá lọ rajà, má jẹ́ kí wọ́n di í fún ọ láìtàn án. Ní kí wọ́n to bọ́ọ̀dù, prósẹ́sọ̀ àti rámù sórí káńtà, kí wọ́n so páwà àti mọ́nítọ̀ mọ́ ọn kó tó wọ kéèsì. Wọ inú BIOS, kí o rí orúkọ prósẹ́sọ̀ àti 16GB. Bí 8GB bá hàn, ní kí wọ́n yọ rámù kejì kí wọ́n tún un tẹ̀ bọ ihò rẹ̀ títí tí etí rẹ̀ yóò fi dún, kí wọ́n sì tún un tàn lójú rẹ.