Dírípù Kì Í Fọ Ẹ̀jẹ̀: Ìdáhùn fún Alhaji Tó Fẹ́ Wakọ̀ Dé Abidjan

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, ọmọ Èjìgbò sì ni èmi àti ìyàwó mi. Ẹni ọdún 68 ni mí, òun jẹ́ 63. Lẹ́yìn Iléyá, a fẹ́ fi mọ́tò ara wa gba Cotonou, Lomé àti Accra lọ sí Abidjan láti kí àwọn ẹbí wa, ká sì máa sùn lójú ọ̀nà. Èmi ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá ìyàwó mi fínra, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì máa ń wú bó bá jókòó pẹ́. Oníkẹ́míìsì àdúgbò wa ní ká wá gba dírípù méjì-méjì kí a tó gbéra láti fi fọ ẹ̀jẹ̀, pé kò ní rẹ̀ wá, ẹsẹ̀ kò sì ní wú. Èwo ló dáa jù, èyí tó funfun ni àbí èyí tó pọ́n? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí ìyàwó mi dá oògùn tó ń jẹ́ kó máa tọ̀ dúró lọ́jọ́ tí a bá ń rìn?

Ìdáhùn: Alhaji, kò sí èyí tó dáa nínú méjèèjì. Funfun o, èyí tó pọ́n o, ẹ má jẹ́ kí oníkẹ́míìsì yẹn fi ìkankan kàn yín lára.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìrìn àjò lẹ bá wá, màá sì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ “fífọ ẹ̀jẹ̀” yìí ti sú mi. Bí Hájì bá ti ń sún mọ́lé, òun ni wọ́n ń bi mí. Bí wọ́n bá ṣe òkú àgbà tán tí ara ń ro wọ́n, òun náà ni. Àwọn òbí tí ọmọ wọn fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB pàápàá ń ní kí n júwe dírípù tó ń jẹ́ kí ọpọlọ jí.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú ọ̀rá náà. Omi ni. Nínú èyí tí à ń pè ní normal saline, iyọ̀ ni wọ́n pò mọ́ omi yẹn, gíráàmù 9 iyọ̀ nínú lítà kan. Ọ̀rá tí wọ́n ń tà sábà máa ń jẹ́ ìdajì lítà, nítorí náà méjì tí oníkẹ́míìsì ní kí Alhaja gbà jẹ́ lítà kan gééré. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ láti àárọ̀ di alẹ́ kò yẹ kó tó gíráàmù 5, ìyẹn fún ẹni tí ara rẹ̀ le o. Ìyàwó yín rèé tí wọ́n ti ní kó dín iyọ̀ ọbẹ̀ kù, ẹnìkan wá fẹ́ gba ojú iṣan da iyọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ọjọ́ méjì sí i lára láàárín wákàtí díẹ̀. Iyọ̀ a sì máa fa omi mọ́ra. Ẹsẹ̀ tí ẹ kò fẹ́ kó wú yẹn gan-an lomi náà máa ṣàn lọ.

Tiyín wá ńkọ́? Dírípù tí wọ́n ń pè ní dextrose, ṣúgà ni. Èyí tí wọ́n kọ 5% sí lára ní gíráàmù 50 ṣúgà nínú lítà kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ṣúgà inú tíì sílẹ̀, tí ẹ ń ṣọ́ ẹ̀bà jẹ, ẹ fẹ́ sanwó kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà á sí yín lára. Èyí tó ń jẹ́ dextrose saline ló burú jù fún ilé yín: iyọ̀ àti ṣúgà ló wà nínú rẹ̀ pọ̀, ẹ̀yin àti Alhaja lè jọ pín in.

Èyí tó pọ́n? Omi kan náà ni. Fítámì B ni wọ́n fà sínú rẹ̀ tó fi pọ́n, ibẹ̀ sì ni ẹ̀tàn ti wọlé. Bí ẹni tó gbà á bá dìde lọ tọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n, á máa tàn yanran nínú póò. Oníkẹ́míìsì á ní, “Ẹ wò ó, ìdọ̀tí ẹ̀jẹ̀ yín ló ń jáde yẹn.” Ìdọ̀tí kọ́ o. Ọ̀kan nínú fítámì B, riboflavin lorúkọ rẹ̀, ló ní àwọ̀ yẹn. Èyí tí ara kò nílò nínú rẹ̀ ni kíndìnrín ń dà nù. Owó yín lẹ ń tọ̀. Bí ẹ bá gbé fítámì B oníhóró mì nínú ilé, ìtọ̀ yín á pọ́n bákan náà.

Kíndìnrín ló ń fọ ẹ̀jẹ̀, òun àti ẹ̀dọ̀. Bí asẹ́ ni kíndìnrín rí: méjèèjì a máa sẹ́ omi inú ẹ̀jẹ̀ tó tó lítà 180 lójúmọ́, wọ́n á dá ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ padà sínú ara, lítà kan sí méjì péré ló máa jáde bí ìtọ̀. Kí ni lítà kan dírípù fẹ́ fọ̀ níbẹ̀? Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ ni à ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀rọ ńlá la sì fi ń ṣe é nílé ìwòsàn. Dialysis là ń pè é. Bí ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni tó ń lọ ṣe é, ẹ bi í bóyá ó jọ ohun tí èèyàn ń gbà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ lè ní, “Ṣùgbọ́n dókítà, lágbájá gbà á, ara rẹ̀ sì yá gágá.” Mo gbà. Ó fi wákàtí méjì dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ẹnikẹ́ni kò pè é. Bó bá jẹ́ pé kò mu omi tó tẹ́lẹ̀, omi ti dé. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni pé àwọn kan máa ń fa dexamethasone sínú dírípù náà láì sọ fún ẹni tó dùbúlẹ̀. Oògùn gidi ni, à ń lò ó fún àìsàn gidi, ó sì lè mú kí ara èèyàn jí pépé fún ọjọ́ díẹ̀. Ó tún máa ń gbé ṣúgà ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lọ sókè, ó sì lè lé ẹ̀jẹ̀ ríru sí i. Ẹ ó ti wà ní Lomé nígbà náà, òùngbẹ á máa gbẹ yín, ẹ ó máa tọ̀ lemọ́lemọ́, ẹ ó ní ooru ló fà á.

Mo ti tọ́jú ìyá kan, ẹgbẹ́ Alhaja, tí wọ́n gbé wá lóru lẹ́yìn irú dírípù báyìí. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin rẹ̀ mú, ó ń mí gúlegúle, ẹnu rẹ̀ ń yọ ìfófòó. Omi ti kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, nítorí ọkàn rẹ̀ kò lè gbá gbogbo omi tí wọ́n rọ́ sí i lára. Oògùn tí a sáré fún un ni èyí tó ń jẹ́ kí èèyàn tọ̀, irú èyí tí ẹ ń bi mí bóyá kí Alhaja dá dúró.

Kó má dá a dúró. Ohun tó lè yí padà ni àkókò tó ń lò ó. Bí dókítà tó kọ ọ́ fún un bá fọwọ́ sí i, lọ́jọ́ tí ẹ bá ń rìn, ó lè lò ó bí ẹ bá ti dé ibi tí ẹ máa sùn, tí ilé ìtọ̀ wà nítòsí, kì í ṣe láàárọ̀ kí ẹ tó jáde. Ọ̀rọ̀ òun àti dókítà rẹ̀ nìyẹn. Èmi kò yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò sì lè jókòó síbí yí oògùn rẹ̀ padà. Kó bi dókítà náà léèrè nípa ẹsẹ̀ wíwú yẹn pẹ̀lú. Bó bá ń lo amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó wọ́pọ̀ gan-an, òun fúnra rẹ̀ máa ń mú kí ọrùn ẹsẹ̀ àwọn kan wú. Ó sì lè jẹ́ ọkàn tàbí kíndìnrín, kí ẹ tó wí pé ìjókòó ni.

Ìjókòó pàápàá ní tirẹ̀. Iṣan tó wà lẹ́yìn ojúgun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè nígbà tí a bá ń rìn. Bí èèyàn bá jókòó gbagidi, ẹ̀jẹ̀ á máa falẹ̀ níbẹ̀, nígbà míì á dì. Ìwádìí tí WHO gbé jáde ní 2007 fi hàn pé ìrìn àjò tó bá ti tó wákàtí mẹ́rin tí èèyàn jókòó sójú kan, ìbáà jẹ́ bàálù, ọkọ̀ ojú irin tàbí mọ́tò, máa ń sọ ewu ẹ̀jẹ̀ dídì di ìlọ́po méjì. Ewu náà kéré fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí a máa fi kún un.

Nítorí náà, ẹ máa dúró ní wákàtí méjì-méjì, kí ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán. Ọ̀nà Èkó sí Abidjan lé ní kìlómítà 1,000, ibodè mẹ́rin ló sì wà lórí rẹ̀: Sèmè, Hilacondji, Aflao àti Elubo. Wọ́n á kúkú mú yín rìn níbẹ̀, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ kọ̀ ọ́. (Ọmọ Èjìgbò ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lọ sí Abidjan. Àwọn bàbá yín ti ń rin ọ̀nà náà kí dírípù tó di ọjà ṣọ́ọ̀bù.) Ẹ máa mu omi. Ọ̀pọ̀ àgbà ni kì í mu omi bí wọ́n bá ń rìnrìn àjò, kí wọ́n má baà ní kí ẹni tó ń wakọ̀ dúró. Ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò, Alhaji, ẹ̀yin náà lẹ ń wà á. Ta lẹ ń tijú?

Ìrun wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀sìn fún arìnrìn-àjò láyè láti sọ ìrun onírákà mẹ́rin di méjì, kó sì kí Àìlà pọ̀ mọ́ Àlàásárì. Bí ẹ ó ṣe ṣe é, ẹ bi Àáfà yín, kì í ṣe èmi. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé bí ìrun tilẹ̀ dín kù, kí ìdúró má dín kù. Ẹ má sì kí i lórí ìjókòó mọ́tò bí ara bá gbé e. Kí ẹ wá omi àlùwàlá, kí ẹ rìn dé mọ́sálásí, kí ẹ tẹ̀ ní rùkúù, kí ẹ forí kanlẹ̀, kí ẹ dìde: mi ò lè kọ eré ìdárayá tó dára ju ìyẹn lọ fún orúnkún àti ojúgun ẹni ọdún 68.

Bí ẹsẹ̀ kan bá dá wú, tí ekejì kò wú, tó ń dunni lẹ́yìn ojúgun, tó gbóná, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì níbẹ̀: ẹ má fi Robb ra á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ. Ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù ni kí ẹ yà sí. Bí àyà dídùn tàbí mímí tó nira bá tẹ̀ lé e, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

Fún ẹ̀yin tí ẹ di ṣitíárì mú, ṣúgà tó jábọ́ ló léwu jù lójú títì. Bí ẹ bá ń lo Daonil, oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, tàbí irú rẹ̀, ẹ má gbé e mì láàárọ̀ kí ẹ wá fi ebi jókòó sí ibodè di ọ̀sán. Bí òógùn tútù bá bò yín, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ojú ń ṣú, ẹ pa mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ mu ìdajì ìgò mínírà, ojúlówó o, kì í ṣe aláìní-ṣúgà, kí ẹ sì jẹun lé e. Ẹ tún ṣúgà yín yẹ̀ wò. Bó bá ti padà sípò, ẹ ṣì ní láti dúró fún ìṣẹ́jú 45 kí ẹ tó wakọ̀. Kí ìgò náà wà lọ́wọ́ Alhaja níwájú, kì í ṣe nínú búùtù.

Oògùn yín náà, ẹ jẹ́ kó wà nínú páálí tó bá wá, pẹ̀lú ìwé dókítà. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé oògùn tí kì í ṣe tiyín kọjá ibodè, pàápàá tramadol. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n nìyẹn.

Ẹ ò béèrè nípa yẹ́lò káàdì, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ béèrè. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ti lọ sí Hájì, ó yẹ kí ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ẹ wá káàdì náà jáde nínú àpótí. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún 10 ló máa lò, ẹ má gbọ́ tiwọn. Láti oṣù Keje 2016 ni àdéhùn àgbáyé ti sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré tó fún gbogbo ayé ẹni. Ṣùgbọ́n láti 2019 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí lo káàdì tí wọ́n ń fi íntánẹ́ẹ̀tì yẹ̀ wò, nítorí náà ẹ mú ti àtijọ́ lọ sí ọ́fíìsì Port Health kí wọ́n bá yín ṣètò tuntun. Bí ọ̀kan nínú yín kò bá gbà á rí, kó má sáré lọ gbà á. Fún ẹni tó ti lé ní 60, tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ náà lè ṣe é ní jàǹbá ju ọ̀dọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀. Kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kó sọ bóyá kó gbà á tàbí kí òun kọ ìwé pé kò lè gbà á. Ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbéra.