Kámẹ́rà tí dókítà ní kí ẹ gbé mì

Dókítà ní kí ẹ gbé kápúsù tó ní kámẹ́rà nínú mì, kó lè ya àwòrán inú ìfun yín. Ẹ ní ọ̀fun yín ò gba nǹkan ńlá, ẹ̀rù sì ń bà yín kó má lọ há sínú ìfun. Ti ọ̀fun yẹn, ẹ fọkàn balẹ̀. Kápúsù náà fi díẹ̀ tóbi ju kápúsù oògùn lásán lọ, nǹkan bíi mìlímítà 26 ní gígùn àti 11 ní fífẹ̀, ara rẹ̀ sì ń yọ̀. Èmi tí oògùn orí-fífọ́ pàápàá máa ń há lọ́fun, ẹnu omi kan ló bá lọ. Àtìgbà tí wọ́n ti yọ ọ́ nínú páálí ni iná rẹ̀ ti ń ṣẹ́jú. Bí mo ṣe fi sẹ́nu, mo rí eyín ara mi lójú ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀sì mú dání. Ẹ̀rín pa mí, n ò rántí bẹ̀rù mọ́.

Alẹ́ tó ṣáájú ló le. Oògùn olómi tí wọ́n á fún yín kí inú lè ṣófo, ẹ rọ́jú mu ún tán. Kámẹ́rà onírọ́bà tí wọ́n ń tì gba ẹnu tàbí ìdí ní omi tó fi ń fọ ojú ara rẹ̀, dókítà sì lè fa ìdọ̀tí kúrò lọ́nà. Kápúsù yìí ò ní ìkankan nínú méjèèjì. Ohun tó bá bá lọ́nà ló ń yà. Bí ẹ bá ń lo oògùn áyọ́ọ̀nù nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ìgbà tí ẹ máa dá a dúró, torí ó ń sọ inú ìfun di dúdú.

Ọ̀rọ̀ kó há yẹn, òótọ́ ni, ó máa ń ṣẹlẹ̀, bí ẹnì kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn tó ní àìsàn Crohn, èyí tó máa ń mú kí ìfun wú kó sì dégbò. Nítorí náà, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún dókítà: bóyá wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún yín ní ikùn rí, bóyá ẹ ti ń lo oògùn ìrora bí ibuprofen láti ọjọ́ pípẹ́, bóyá inú máa ń lọ́ yín tó sì máa ń wú lẹ́yìn oúnjẹ. Bí ara bá fu wọ́n, wọ́n lè kọ́kọ́ fún yín ní kápúsù ìdánwò tí kò ní kámẹ́rà. Ìyẹn, bó bá há, yíyọ́ ló máa yọ́ fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ ò ní wàhálà. Wọ́n á de bẹ́líìtì mọ́ yín níkùn, ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín fún nǹkan bíi wákàtí 8, ẹ sì lè máa rìn káàkiri. Àwòrán tó máa yà lè lé ní 50,000, ẹnì kan ló sì máa jókòó wò ó, nítorí náà ẹ má retí èsì lọ́jọ́ kejì.

Ẹ béèrè irú èyí tí wọ́n fẹ́ lò. Èyí tó wọ́pọ̀ ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí bẹ́líìtì, kò sẹ́ni tó máa ní kí ẹ ṣà á padà nínú ìgbẹ́. Irú kan wà tó jẹ́ pé inú ara rẹ̀ ló ń tọ́jú àwòrán sí. Ìyẹn, ẹ ò ríbi yẹ̀ ẹ́ sí, ẹ máa ṣà á. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé yín wọ ẹ̀rọ MRI, ẹ̀rọ onímágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara, títí ó fi dájú pé ó ti jáde.

Tèmi rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń sun, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kan nínú ìfun kékeré, níbi tí kámẹ́rà onírọ́bà méjèèjì ò dé. Àmọ́ wíwò nìkan ló lè wò. Kò lè jó ibi tó ń sun ẹ̀jẹ̀ náà kó lè dá, kò sì lè gé ẹran ibẹ̀ fún àyẹ̀wò. Kámẹ́rà onírọ́bà gígùn tó ní bàlúùnù, rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, lẹ́nu ni wọ́n padà fi wọlé lọ jó o. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn tó ní kápúsù ló ní ìyẹn. Kí ẹ tó gbé e mì, ẹ bi dókítà yín ibi tó máa rán yín lọ bó bá rí nǹkan.