Mo ti ka ìwé CPCU àkọ́kọ́ tán, ìdajì péré ni mo gbà: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo wà. Ó pé ọdún kan báyìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka kíléèmù ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan, mo sì ní láísẹ́ǹsì all-lines adjuster ti Texas, ìyẹn ti ẹni tó ń yẹ kíléèmù wò. Ọ̀gá mi ní tí mo bá fẹ́ ga lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kí n lọ gba CPCU, oyè ìmọ̀ àwọn oníṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Mo ra ìwé ti àkọ́kọ́, mo kà á tán, àmọ́ nígbà tí mo dán ìbéèrè wọn wò, ìdajì péré ni mo gbà. Ṣé kí n jáwọ́ ni? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, báwo ni mo sì ṣe máa kà á mọ́ iṣẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ má jáwọ́ rárá. Ọ̀nà tí ẹ gbà kàwé ló fa ìdajì tí ẹ gbà yẹn, kì í ṣe pé ọpọlọ yín ò gbé e. Ìdánwò CPCU kì í béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nìkan. Wọ́n á gbé ọ̀ràn oníbàárà kan kalẹ̀: iná jó báyìí, àdéhùn wí báyìí, èló ni ilé-iṣẹ́ máa san? Ẹni tó há ìtumọ̀ sórí á dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀ lójú ìwé, síbẹ̀ ìdáhùn á bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Texas Department of Insurance ló fún yín ní láísẹ́ǹsì, òun ni òfin fi gbà yín láyè láti ṣiṣẹ́. Wákàtí 24 lẹ gbọ́dọ̀ fi kẹ́kọ̀ọ́ láàárín ọdún méjì-méjì kó má bàa kú mọ́ yín lọ́wọ́. CPCU, ìyẹn Chartered Property Casualty Underwriter, kì í ṣe láísẹ́ǹsì. The Institutes ní Malvern, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ló ń fúnni, láti 1942 ni wọ́n sì ti wà lẹ́nu rẹ̀. Oyè ìmọ̀ ni. Kò lè rọ́pò ìwé ìjọba, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé kíkà mú yín gbàgbé ọjọ́ ìtúnṣe láísẹ́ǹsì yín. Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ wò ó bóyá Texas máa ka ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ ṣe mọ́ wákàtí 24 yẹn.

Wọ́n á tún wo iye àsìkò tí ẹ ti lò lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó fún yín ní oyè náà, ọdún kan kò sì tíì tó. Ìyẹn ò dí ìdánwò lọ́wọ́. Ẹ lè máa ṣe é lọ, kí ọdún iṣẹ́ máa pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní ti ibi tí ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀: tó bá jẹ́ kíléèmù ọkọ̀ nìkan lẹ ti ń ṣe, ẹ kọ́kọ́ gba oyè AINS. Òun náà jẹ́ ti The Institutes, ó kéré sí CPCU, ó sì ń la ojú ẹni sí gbogbo ìnṣọ́ránsì. Tó bá jẹ́ kíléèmù ilé lẹ ń ṣe, ẹ máa bá CPCU 500 lọ, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ ra ìwé rẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, 530 ni mo máa ní kí ẹ mú, ìyẹn ti òfin. Ojoojúmọ́ ni adjuster ń bá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pàdé: ìgbà tí ó yẹ kí ẹ kọ lẹ́tà reservation of rights (èyí tí ilé-iṣẹ́ fi ń sọ pé òun ṣì lè kọ̀ láti san), àti bí ìlérí kan ṣoṣo lórí fóònù ṣe lè gba ẹ̀tọ́ àtikọ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni 520, tó dá lórí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ní ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Ẹ fi 540 sí ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ díẹ̀, ìṣirò owó ló kún inú rẹ̀. Tí ẹ bá yan ọ̀nà ti okòwò, 551 wà fún dúkìá, 552 sì wà fún gbèsè ẹ̀bi (liability).

Ẹ wá wo ohun tó ṣeé ṣe kó gba máàkì lọ́wọ́ yín. Iye ṣọ́ọ̀bù kan jẹ́ $400,000. Coinsurance 80% wà nínú àdéhùn rẹ̀, ìyẹn ni pé ìnṣọ́ránsì tí onílé ṣe gbọ́dọ̀ tó $320,000. $240,000 ló ṣe. Iná wá ba nǹkan $40,000 jẹ́, deductible tí òun fúnra rẹ̀ máa gbé sì jẹ́ $1,000. Ẹni tí kò rí coinsurance á dáhùn pé $39,000, torí pé àdánù náà ò kúkú tó $240,000. Ẹni tó rí i, àmọ́ tó kọ́kọ́ yọ deductible, á mú $29,250. Àwọn méjèèjì ti kùnà. $240,000 jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin $320,000, nítorí náà ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àdánù ni ilé-iṣẹ́ máa kà: $30,000. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tó yọ $1,000. $29,000 ni wọ́n máa san. Fọ́ọ̀mù CP 00 10 ti ISO, ilé-iṣẹ́ tó ń kọ àwòṣe àdéhùn ìnṣọ́ránsì, to ìgbésẹ̀ yìí ní ẹsẹẹsẹ, ó sì sọ pé iye tí ilé ń jẹ lọ́jọ́ tí àdánù ṣẹlẹ̀ ni kí a fi ṣírò, kì í ṣe iye ọjọ́ tí wọ́n ra àdéhùn. Ibẹ̀ yẹn gan-an lẹni tó ka àkópọ̀ nìkan ti ń ṣubú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ gbé fọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀ síwájú: HO-3 fún ilé gbígbé, CP 00 10 pẹ̀lú CP 10 30 fún dúkìá okòwò, CG 00 01 fún gbèsè ẹ̀bi. Ẹ fi àwọn ìbéèrè yìí kà á: Ta ni àdéhùn ń bò? Dúkìá wo? Kí ló fa àdánù? Kí ni wọ́n yọ sílẹ̀, kí ni wọ́n sì tún dá padà nínú ohun tí wọ́n yọ? Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wo owó. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Houston, tí ìlú yín mọ ohun tí Harvey ṣe ní 2017, ẹ mọ ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń yọ sílẹ̀ dáadáa: HO-3 á bo ìbàjẹ́ tí omi páìpù tó bẹ́ lójijì ṣe nínú ilé, àmọ́ kò bo àgbàrá tó wọlé láti ìta. Ti àgbàrá, àdéhùn NFIP, ètò ìnṣọ́ránsì àgbàrá ti ìjọba àpapọ̀, ni, kò sì kọjá $250,000 lórí ilé ìdílé kan àti $100,000 lórí ẹrù inú rẹ̀.

70% ni máàkì àṣeyọrí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni wọ́n ń ṣí ìdánwò sílẹ̀, ìgbà kọ̀ọ̀kan máa ń gba oṣù méjì, ti àkọ́kọ́ sì ń bẹ̀rẹ̀ ní 15 January. Ẹ mú ọjọ́ ìdánwò kí ẹ tó ṣí ìwé, kí ẹ fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Wákàtí kan láàárọ̀ kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́ sàn ju wákàtí mẹ́fà lọ́jọ́ Àìkú lọ. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta ni kí ẹ ti máa dán ìbéèrè wò. Èyí tí ẹ bá kùnà, ẹ kọ ìdí tí ìdáhùn tí ẹ mú fi jẹ́ àṣìṣe sílẹ̀ lọ́rọ̀ ara yín, torí pé tó bá jẹ́ pé èyí tó tọ́ nìkan lẹ wò, ẹ máa tún un kùnà.

Nǹkan kan wà tó ń dà wá láàmú, àwa tí orúkọ wa gùn. Orúkọ tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ìdánimọ̀ yín mu lẹ́tà fún lẹ́tà, títí kan èwo ló ṣáájú, èwo ló tẹ̀ lé e. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nísinsìnyí, kó má bàa di pé wọ́n ní kí ẹ padà lọ́jọ́ ìdánwò.

Ní ti owó, ẹ béèrè lọ́wọ́ HR. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń san án, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí èèyàn bá yege ni. Ẹ gba ìlérí wọn ní àkọsílẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n á gba owó náà padà tí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúwàbí tí CPCU sọ di dandan kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ lè fi í bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí kí ẹ tó padà sí ìwé 500.