Mystery lẹ́nu ògbufọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bèèrè pé kí ni kí ògbufọ̀ pe "mystery" tí pásítọ̀ bá sọ ọ́ lórí púpítì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń túmọ̀ ìwàásù l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹni tó bá fún yín ní ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo, kò tíì di máìkì mú rí ni.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù ni, ẹ lo "ohun ìjìnlẹ̀", òun ló wà nínú Bíbélì, àwọn màmá ìjọ ti mọ̀ ọ́n láti inú 1 Kọ́ríńtì 15:51. Ẹ má pè é ní àdììtú o! Ohun tá a dì tí ò ṣeé tú ni ìyẹn, bẹ́ẹ̀ nínú Éfésù orí 3 Pọ́ọ̀lù ní Ọlọ́run ti ṣí i payá, pé àwọn kèfèrí náà ti di ajùmọ̀jogún, ohun tí pásítọ̀ fẹ́ tú fún ìjọ gan-an lẹ wá lọ dì pa yẹn.

"Awo" wá ńkọ́? Ká sòótọ́, òun ló sún mọ́ orírun "mystery" jù. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ láwo tiwọn ní Eleusis lẹ́bàá Athens, Mysteria ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ ò gbọdọ̀ sọ ohun tó rí. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò, ẹ sọ "awo Ọlọ́run" nínú ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi l'Ógbómọ̀ṣọ́ kẹ́ ẹ wá wo ojú àwọn díákónì, wọ́n á ní ẹ ń fi Ògbóni lọ àwọn.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ti ìpàdé. Ìjọ kan ń kọ́lé, akọ̀wé ka ìròyìn lédè òyìnbó pé bí sìmẹ́ǹtì ṣe dín jẹ́ mystery, ògbufọ̀ bá fohùn jẹ́jẹ́ pé "ohun ìjìnlẹ̀ ni o." Màmá kan dìde fùú, ó ń so gèlè ẹ̀ le: "Ìjìnlẹ̀ bíi ti báwo? Ẹ ní wọ́n jí i!" Irú ìyẹn, "a ò tíì mọ bó ṣe jẹ́" ti tó, ẹ má fi èdè Bíbélì daṣọ bo olè.

Tàwọn Kátólíìkì tún yàtọ̀, mystery 20 ló wà nínú rosary wọn, àdúrà tí wọ́n ń fi ìlẹ̀kẹ̀ kà, báyìí, Póòpù John Paul Kejì ló fi 5 kún un ní 2002, kò sì sí èyí tó pamọ́ níbẹ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ ayé Jésù àti Màríà ni wọ́n ń rò bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun táwọn ń pè é kẹ́ ẹ tó lanu.

Kí oníwàásù fi ẹsẹ Bíbélì ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp lálẹ́ Sátidé. Àwọn àlejò láti Èkó kì í fẹ́ ṣe é, wọ́n á ní Ẹ̀mí ló ń darí àwọn, ẹ ṣáà máa yọ wọ́n lẹ́nu.