Ojú Ènìyàn Lára Ògiri: Ìwé Sagredo ti Ọdún 1526

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín o. Bíríkìlà ni mí ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn. Ọmọ mi tó ń kọ́ nípa yíya àwòrán ilé fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀, ó ní inú ìwé àtijọ́ kan láti Sípéènì ni ó ti wá. Wọ́n ya ojú ọkùnrin sí etí ògiri tó yọ síta lábẹ́ òrùlé. Kí ni wọ́n ń fi ojú ṣe níbẹ̀? Ǹjẹ́ òótọ́ sì ni pé inú ìwé náà ni àwọn òpó kéékèèké tó wà ní fàráńdà ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ wa ti ṣẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ìwé náà ni Medidas del Romano, tí Diego de Sagredo, àlùfáà ààfin Ọbabìnrin Juana, kọ, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ìlú Toledo ní ọdún 1526. Nínú àwọn ìwé tuntun tí wọ́n kọ nígbà náà láti jí ọ̀nà ìkọ́lé àwọn ará Róòmù àtijọ́ dìde, òun ni àkọ́kọ́ tí ó jáde lẹ́yìn odi Ítálì.

Ojú yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, Sagredo kò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ gbẹ́ ojú sára ilé. Ìwọ̀n ni ó ń kọ́ni. Ọ̀dọ̀ Vitruvius, ọmọ Róòmù tí ó kọ̀wé lórí ilé kíkọ́ ṣáájú ìbí Jésù, ni ó ti kọ́ ọ pé ara ènìyàn ni ilé tó dára ti ń mú ìwọ̀n rẹ̀. Vitruvius ní ẹsẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà gíga rẹ̀, nítorí náà ni àwọn kọ́lékọ́lé ilẹ̀ Gíríìkì ṣe kọ́kọ́ mú kí gíga òpó jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà ìbú ìdí rẹ̀; òpó tí wọ́n fi wé obìnrin ni wọ́n mú tẹ́ẹ́rẹ́, tí gíga rẹ̀ fi di ìlọ́po mẹ́jọ. Sagredo wá fi kún un pé, gẹ́gẹ́ bí Felipe Vigarny, àgbà agbẹ́re, ṣe wọ̀n ọ́n, gíga ọkùnrin jẹ́ ojú mẹ́sàn-án àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Ojú yìí ni ó yà sí etí ògiri, kí oníṣẹ́ ọwọ́ lè rí i pé bí iwájú orí, imú, ẹnu àti àgbọ̀n ṣe ní ààyè tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni ìlà kọ̀ọ̀kan tó yọ tàbí tó wọnú lára ògiri ṣe ní tirẹ̀. Ó wúlò púpọ̀ láyé ìgbà náà, nítorí ìwọ̀n ìlú kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ti ìlú mìíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìdá tí nǹkan jẹ́ sí ara wọn lè mú igi yòówù kó fi wọ̀n ọ́n, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní wọ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé yìí ni pé èdè Sípéènì ni Sagredo fi kọ ọ́, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi Látìn kọ̀wé, èyí tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ kò gbọ́. Ó sì gbé e kalẹ̀ bí ìfọ̀rọ̀wérọ̀: Picardo ayàwòrán bá Tampeso níbi tó ti ń ya ibojì bíṣọ́ọ̀bù kan, ó ń bi í léèrè, Tampeso ń dá a lóhùn, àwọn àwòrán tí wọ́n fi igi gbígbẹ́ tẹ̀ sì wà láàárín ọ̀rọ̀ wọn.

Ní ti òpó kéékèèké, bẹ́ẹ̀ kọ́. Sagredo ṣàlàyé òpó oníkùn bẹ́ẹ̀, ó sì yà á, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ ní Ítálì ṣáájú ìwé rẹ̀. Àwọn Àgùdà tó padà dé Èkó láti Bràsíìlì ni wọ́n mú irú ilé bẹ́ẹ̀ wá, kí ó tó tàn dé Ìbàdàn.

Ẹ̀dà ti ọdún 1526 ṣọ̀wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè Sípéènì ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́; ẹ ní kí ọmọ yín ṣí i fún yín lójú ewé kọ̀ọ̀kan.