Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Orin rọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ki Magic Johnson

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì àdúgbò wa fẹ́ fi orin ki balógun wa, Àkànní. Wọ́n ní àwọn Red Hot Chili Peppers, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà, ti kọ irú rẹ̀ fún Magic Johnson, agbábọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, àmọ́ bí mo ṣe ń wá a lórí fóònù, fídíò bọ́ọ̀lù ló ń já sí. Ṣé orin náà wà lóòótọ́? Báwo la ó ṣe ṣe tiwa?
— Òǹkàwé kan, Àjàṣẹ́

ÌDÁHÙN: Ó wà. "Magic Johnson" gan-an ni wọ́n pè é, òun ni fóònù yín fi ń gbé ọkùnrin náà wá dípò orin. Ẹ kọ orúkọ àwo rẹ̀, Mother's Milk, mọ́ ọn. Orin kẹrin ni, kò pé ìṣẹ́jú 3. Wọn kò gbé e jáde lọ́tọ̀ bíi Higher Ground, tó jẹ́ orin Stevie Wonder tí wọ́n tún kọ, nítorí náà ẹni tó ra àwo náà nìkan ló sábà máa ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe tò ó. Wọ́n pe lẹ́tà orúkọ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n pe ìnagijẹ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún un, ìyẹn Buck, wọ́n sọ bó ṣe ń já wọlé láàárín ọ̀tá, wọ́n wá dárúkọ àwọn tó yí i ká nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, Lakers: Scott, A.C. Green, Worthy. Oríkì pọ́ńbélé! Ó sì tó ẹni tí à ń kì: mítà 2.06 ló ga, síbẹ̀ òun ló ń darí bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ tí wọ́n sábà máa ń fún ẹni kúkúrú. Ó gba ife NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, márùn-ún láàárín 1980 sí 1988. Oṣù kẹjọ 1989 ni àwo náà jáde, oṣù méjì péré lẹ́yìn tí Detroit Pistons fi 4–0 na Lakers.

Ní ti tiyín, ẹ má ṣe gba ohùn orin Amẹ́ríkà náà kí ẹ kàn ki Àkànní bọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ló ti ń bàjẹ́. Ohùn ìsàlẹ̀ méjì, ohùn òkè kan, ni Àkànní; bí orin bá wálẹ̀ níparí, orúkọ ẹlòmíì lẹ pè yẹn. Ẹ jẹ́ kí onígángan kọ́kọ́ lu orúkọ náà: kó dẹ ọṣán lẹ́ẹ̀mejì, kó fún un lẹ́ẹ̀kan. Orí ohun tó bá lù ni kí ẹ kọ orin lé. Bí ẹ bá fẹ́ pe lẹ́tà, ẹnu ni kẹ́ ẹ fi pè é, gángan ò lè sọ K.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ nígbà ìsinmi tí kóòṣì ń bèèrè láàárín eré, ìsinmi náà kò ju ìṣẹ́jú 1 lọ, fèrè àkọ́kọ́ sì ń dún ní ìṣẹ́jú àáyá 50. Ìlà mẹ́jọ ti tó: orúkọ méjì, ìnagijẹ kan, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjì, àwọn ẹlẹgbẹ́ méjì, kí ẹ tún padà sórí orúkọ. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú àáyá 40, ẹ gé ìlà àwọn ẹlẹgbẹ́ kù sí ẹyọ kan. Ìyókù, ẹ fi í sílẹ̀ fún onígángan kó máa dá orúkọ náà lù bí Àkànní ṣe ń padà wọ pápá.