"The" tó ṣeé yọ àti èyí tó lè bà ọ́ lórúkọ jẹ́

Àbúrò tó béèrè pé ìgbà wo lèèyàn lè yọ "the" kúrò nínú gbólóhùn gẹ̀ẹ́sì tí kò ní di àṣìṣe, jẹ́ n dá ẹ lóhùn, torí ọ̀rọ̀ yìí ti fìyà jẹ mí rí.

Iléṣà ni wọ́n ti tọ́ mi, wọ́dà sì ni bàbá mi ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tó wà níbẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń wáṣẹ́, wọ́n ní ká sọ díẹ̀ nípa ẹbí wa nínú lẹ́tà, mo bá kọ ọ́ pé "My father has been in prison for 19 years." Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ọdún 19 ló ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mo ṣáà ti gbọ́ pé kò pọn dandan kéèyàn fi "the" síwájú school, church, hospital àti prison, mo wá rò pé ìkan náà ni. Ọ̀gá tó ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fi báírò fàlà sábẹ́ "in prison", ó rọra bi mí pé kí ni bàbá mi ṣe. Mo ní wọ́dà ni wọ́n sà. Mi ò ríṣẹ́ yẹn gbà, àmọ́ èyí tó dùn mí wọra ni pé bàbá tó fowó oṣù ẹ̀ rán mi níwèé, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ ní ẹlẹ́wọ̀n. "Has worked at the prison" ló yẹ kí n kọ.

Yorùbá tiwa gan-an mọ ìyàtọ̀ yẹn o. "Ó wà lẹ́wọ̀n" kì í ṣe "ó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n", ẹlẹ́wọ̀n ni ti àkọ́kọ́, ìkejì lè jẹ́ wọ́dà, ó lè jẹ́ pásítọ̀ tó lọ wàásù, ó lè jẹ́ kápẹ́ńtà tó lọ tún ilẹ̀kùn ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń "go to school", tí ìyá ẹ̀ tó fẹ́ lọ sanwó á "go to the school". Ní gẹ̀ẹ́sì Ìlú Ọba, tó o bá ní màmá ẹ wà "in hospital", wọ́n dá wọn dúró sórí bẹ́ẹ̀dì nìyẹn, tó bá jẹ́ ọsàn ni wọ́n ń tà ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà, má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn máa ń sọ pé "in the hospital" fún aláìsàn náà, torí ẹ̀ mọ irú gẹ̀ẹ́sì tó ò ń kọ.

Èyí tó ṣeé yọ lóòótọ́ tí ìtumọ̀ ò ní yí ò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. "Both girls passed" àti "both the girls passed", ìkan náà ni. Ẹni tó ń tẹ dùùrù, "she plays piano" tàbí "she plays the piano", kò sí wàhálà. Oyè tí ẹnì kan ṣoṣo ń jẹ lẹ́ẹ̀kan náà ni mo fẹ́ràn láti fi kọ́ àwọn ọmọ tí mò ń bá wo gírámà nírọ̀lẹ́ níbí ní Ifẹ̀: "Adeyeye Ogunwusi became Ooni of Ife in 2015", fi "the" síwájú Ooni, yọ ọ́, méjèèjì dáa. Àmọ́ tí Ọọ̀ni bá ti wá di ẹni tó ṣe nǹkan, "the Ooni visited Ilesa" ni o, kò ṣeé yọ mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣì í torí pé àkọlé ìwé ìròyìn ni wọ́n ń wò, àwọn yẹn sì máa ń yọ "the" kí àkọlé lè kúrú ni.

"All" ò dà bí "both" o, ṣọ́ra. "All goats eat grass" ń sọ nípa gbogbo ewúrẹ́ ayé, "all the goats" ń sọ nípa àwọn tó wà lọ́gbà yín.

Wọ́n á tún sọ fún ẹ pé "in winter" àti "in the winter" dọ́gba, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n má tìtorí ẹ̀ kọ "in rainy season" o, "in the rainy season" ni. Ìyẹn ni mo ṣì ń fi báírò pupa fàlà sí lábẹ́ nínú ìwé àwọn ọmọ mi títí di àná.